Kí ni à ń sanwó fún nínú ilé àtijọ́ tó di hòtẹ́ẹ̀lì?

(Ohùn mẹ́rin ni Ìyá Bọ̀dé fi ránṣẹ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbà á àti àwọn tó wà níbi iṣẹ́.)

Ohùn kìíní

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹ̀nẹ́rétọ̀, ẹ má bínú, àlejò pọ̀ lọ́dọ̀ mi lálẹ́ òní.

Ẹ rántí pé mo fi fọ́tò kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé olókùúta kan báyìí, tí mo sọ pé alẹ́ méjì lèmi àti ọmọ mi sùn níbẹ̀. Bàbá wa ní Gusau bèèrè, wọ́n ní, "Ìyá Bọ̀dé, ṣé ilé àlàpà yìí náà ni wọ́n ń gba owó gọbọi lé lórí? Kí ló dé tí ẹ ò lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tuntun?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, torí iṣẹ́ tó ń bọ́ mi nìyẹn. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń bójú tó ilé àlejò oníyàrá méjìlá ní Jos níbí. Mo mọ ohun tí àlejò rò pé òun ń sanwó fún, mo sì mọ ibi tí owó náà ń lọ gan-an. Ẹ jẹ́ n dá bàbá lóhùn dáadáa.

Orúkọ ilé náà ni Bodysgallen Hall. Ìhà àríwá Wales ló wà. Ẹ má pe àwọn ará ibẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì o, wọn á tún un ṣe fún yín kíá. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Euston ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lẹ ó fi dé Llandudno Junction, takisí á wá gbé yín gun òkè díẹ̀. Ilé náà ò sí létí omi gan-an. Orí òkè ló wà, láàárín igbó àti pápá tó lé ní 200 éékà. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa wo ilé olódi Conwy tí Ọba Edward Kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1283, nígbà tó ń fi agbára gba ilẹ̀ Wales. Òkun wà nísàlẹ̀, ní ìlú Llandudno, kò ju máìlì díẹ̀ lọ.

Bó ṣe dàgbà tó ńkọ́? Ìtàn ibẹ̀ sọ pé ilé ìṣọ́ gíga tó wà láàárín ló kọ́kọ́ wà, pé wọ́n ti ń ṣọ́ ọ̀nà Conwy láti orí rẹ̀. Àwọn ìdílé tó ń jẹ́ Wynn ló kọ́ èyí tó pọ̀ nínú ìyókù mọ́ ọn, wọ́n sì gbẹ́ 1620 sára òkúta ògiri kan. Ẹ rò ó wò. Ó ṣì ku ohun tó lé ní 200 ọdún kí àwọn jagunjagun tó tẹ̀dó sí Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí. Ilé yẹn ti wà, ìdáná ti ń jó nínú rẹ̀.

Ohùn kejì

Ẹ̀hẹn. Fóònù ló gé mi.

Bó ṣe rí láti wọlé ni mo fẹ́ sọ. Mo ti ń fojú wá káńtà onígíláàsì bíi tiwa, níbi tí ọmọbìnrin kan á ti máa tẹ kọ̀ǹpútà tí kò ní gbójú sókè wò yín. Gbọ̀ngàn kan la kọ́kọ́ bá, wọ́n fi pákó dúdú bo ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, iná igi ń jó nínú ààrò. Oṣù kẹrin ni o, ṣùgbọ́n òtútù tó wà níta yẹn, ọyẹ́ Jos kò tó o bá ṣeré. Èéfín igi yẹn ló kọ́kọ́ kí mi. Ó mú mi rántí ilé ìdáná ìyá ìyá mi, kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Yàrá tó wà nínú ilé ńlá náà ò pọ̀. Àwọn yàrá yòókù wà nínú àwọn ilé kéékèèké inú ọgbà, gbogbo rẹ̀ pátá kò ju nǹkan bí 30 lọ. Pákó ilẹ̀ ń dún bí ẹ bá ń rìn lóru, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ á yọ́ lọ bí olè. Ojú fèrèsé kéré, gíláàsì rẹ̀ sì pín wẹ́wẹ́. Ẹ má wá ẹ́síì, kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó sọ ọ́ nígbà tó bá ń gba yàrá, torí nínú irú ilé báyìí kì í sábà sí lífúútì. Àtẹ̀gùn ni, òmíràn nínú wọn sì ń yí lọ sókè bí ìkarahun ìgbín. Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ ọmọdé náà kí ẹ tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ kì í gba ọmọ kékeré.

Lọ́wọ́ ọ̀sán, àwọn èèyàn á gòkè lọ sí pálọ̀ ńlá, wọ́n á gbé tíì wá, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi nǹkan sí láàárín àti àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń fi jáàmù àti kírímù jẹ. Èmi o, mo rò pé oúnjẹ ọmọ tó ti ilé ìwé dé ni, títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Lálẹ́ ẹ ó wọ aṣọ tó bójú mu. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wọ kóòtù, ṣùgbọ́n ẹ má wọ sílípáàsì wá sídìí tábìlì. Ìró àti bùbá ni mo wọ̀, mo wé gèlè mi, àwọn àgbà obìnrin méjì dìde wá béèrè bí mo ṣe wé e. Ní ti ata, ẹ gbé tiyín dání. Ọmọ mi ti mọ̀, ó ti fi ata gígún sínú báàgì rẹ̀.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ọgbà. Mo fi gbogbo àárọ̀ kan rìn nínú rẹ̀. Ibì kan wà tó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, tí ògiri yí ká. Wọ́n gbin igi kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní box, wọ́n gé e ní ìlà ìlà, ó lọ, ó bọ̀, ó ká kò, bí orí tí oníṣọ̀nà dì fún ìyàwó. Láàárín àwọn ìlà yẹn ni ewé ọbẹ̀ àti ewé olóòórùn dídùn wà. Ọgbà irú èyí, láti nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn ni àwọn ọlọ́lá ti ń ṣe é. Mo wo ọkùnrin kan tó ń fi àlùmọ́gàjí gé e, ó fi okùn wọn ọ́n kó má baà wọ́. Ó ń gé, ó ń dúró, ó ń wò, kò kánjú rárá. Mo bi í léèrè ìgbà tó máa parí rẹ̀. Ó ní bí òun bá parí ẹ̀gbẹ́ yẹn, èyí tí òun kọ́kọ́ gé á ti hù.

Bàbá, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdáhùn ìbéèrè yín.

Mo fẹ́ sọ ti òkun kíákíá. Llandudno rẹwà, etíkun rẹ̀ ká bí oṣù tuntun, hòtẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tò lẹ́bàá rẹ̀, afárá onípákó kan sì wà tó wọnú òkun lọ tó ju 2,000 ẹsẹ̀ bàtà. 1877 ni wọ́n ṣí i. Òkè kan wà níbẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ onírun gígùn ń gbé. Nígbà kòrónà ní 2020 tí gbogbo èèyàn sé ara wọn mọ́lé, àwọn ewúrẹ́ yẹn sọ̀ kalẹ̀ wọ ìgboro, wọ́n ń jẹ òdòdó onílé káàkiri. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Jos mọ̀ pé ewúrẹ́ tiwa kò dúró de kòrónà.

Ohun mìíràn ni pé èdè wọn wà láàyè. Èdè Welsh ló wà lórí pátákó, Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ọmọ kékeré kan tó ń fi Welsh bá ìyá rẹ̀ jà nítorí áísìkirímù. Mo rántí ìjọ wa níbí, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi Hausa dá wa lóhùn bí a bá fi Yorùbá kí wọn. Ẹ jẹ́ n má bá èyí lọ jìnnà.

Ohùn kẹta

Ó dáa. Báwo ni ilé ọlọ́lá ṣe di hòtẹ́ẹ̀lì?

Nígbà àtijọ́, irú ilé yìí ní ilẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ ń san owó ọdọọdún, àwọn ìránṣẹ́ ń gbọ́lẹ̀, wọ́n ń dáná, owó iṣẹ́ wọn ò tó nǹkan. Nígbà tó di 1894, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé owó orí kan jáde tí wọ́n ń gbà lórí ogún nígbà tí onílé bá kú. Ó kéré níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1949, fún àwọn tó lówó jù, ó ti tó 80 nínú 100. Ogun àgbáyé méjì tún wọ àárín rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó yẹ kó jogún kú sójú ogun, ìdílé mìíràn san owó orí òkú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún díẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ náà rí iṣẹ́ sí fátíìrì, wọn ò padà mọ́. Ilé wá dá wà, òjò ń jò wọlé. Wọ́n tú òrùlé tà, wọ́n tú pákó ògiri tà, wọ́n wó èyí tó kù. Irú ilé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n wó ní Britain láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn lé ní 1,000. Ní 1974, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfihàn ńlá kan nípa rẹ̀, kí àwọn èèyàn lè fi ojú ara wọn rí ohun tó ti lọ.

Bodysgallen náà kọjá láwọn ọwọ́ oríṣiríṣi. Àwọn Wynn, lẹ́yìn wọn àwọn Mostyn. Ní 1980, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Broyd rà á. Ó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, Historic House Hotels, iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n ra ilé àtijọ́ tó ń kú lọ, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sọ ọ́ di ibi tí èèyàn lè sùn. Mẹ́ta ni wọ́n ṣe. Èkejì ni Middlethorpe Hall nítòsí York. Ẹ̀kẹta ni Hartwell House ní Buckinghamshire, níbi tí ọba Faransé tí wọ́n lé kúrò nílé, Louis kejìdínlógún, gbé láti 1809 sí 1814.

Wàyí o, ẹ fetí sí èyí, torí òun ni mo torí rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ní 2008, ọkùnrin yẹn fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ta National Trust lọ́rẹ. Ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895 ni National Trust, wọ́n ń tọ́jú ilé àtijọ́ àti ilẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Kò tà á o. Ó fi tọrẹ, hòtẹ́ẹ̀lì sì ń bá iṣẹ́ lọ. Èrè tó bá yọ, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ yẹn ló ń lọ. Nítorí náà nígbà tí mo san owó yàrá, kò sí alhaji kan níbì kan tó ń fi owó mi ra mọ́tò. Owó mi wọ inú òrùlé. Ó wọ ọwọ́ ọkùnrin oní-àlùmọ́gàjí yẹn.

Àwọn onílé ìtura bíi tèmi ló máa yé jù. Níbí, bí páànù bá ṣí, mo pe káfíńtà, ó dé lọ́sàn-án, ó kan án mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní tiwọn, òrùlé òkúta pẹlẹbẹ ni, ògiri òkúta ni, òfin sì ti kọ ilé náà sínú ìwé ní ìpele tó ga jù. Ẹ ò lè yọ fèrèsé kan kí ẹ fi aluminium rọ́pò rẹ̀. Ẹ ò lè lu ògiri kí yàrá lè fẹ̀. Bí pákó kan bá jẹrà, ẹ gbọ́dọ̀ wá oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú pákó bẹ́ẹ̀, irú wọn ò pọ̀, owó wọn ò sì kéré. Yàrá 30 péré ló ń ru gbogbo ẹrù yẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì tuntun tí bàbá ń sọ lè ní 200 yàrá lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ owó ibẹ̀ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ tutù jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ò sì rọ̀ ju ti ibòmíràn.

Ohùn kẹrin

N ò fẹ́ kí ẹ rò pé ojú mi fọ́ nítorí iná ààrò àti àkàrà òyìnbó. Ilé ńlá kì í dédé ńlá. Ní 1843, Ilé Aṣòfin gbé òfin kan jáde nípa ilẹ̀ àjọni tó wà ní agbègbè Llandudno, èyí tí àwọn tálákà ti ń da ẹran sí, tí wọ́n ń kọ́ ahéré sí. Nígbà tí wọ́n pín in tán, ọwọ́ ìdílé Mostyn ni èyí tó pọ̀ jù bọ́ sí. Orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n tẹ ìlú etíkun tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan dó sí. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nílé wa, mi ò ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ọmọ mi tún gbé mi lọ sí Penrhyn Castle, nítòsí Bangor níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ti National Trust nìyẹn náà, àmọ́ kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì, ìwòran ni. Ilé yẹn tóbi débi pé ó dẹ́rù bani. Oko ìrèké ní Jàmáíkà, níbi tí àwọn ẹrú ti ń ṣiṣẹ́, ló pèsè owó ìdílé Pennant. Owó yẹn ni wọ́n fi ṣí ibi ìwa òkúta òrùlé ní Bethesda, tí wọ́n fi la ọ̀nà, tí wọ́n fi kọ́ èbúté. Nígbà tí ìjọba fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ọdún 1830, onílé ni wọ́n san owó ìtánràn fún: £14,683 lórí ẹrú 764. Àwọn 764 yẹn kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n kọ ìtàn náà síbẹ̀, wọn ò fi pa mọ́. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́.

Ní ọ̀nà kejì, ní ìhà Colwyn Bay, ohun kan wà tó kàn wá gan-an. Òjíṣẹ́ Onítẹ̀bọmi kan, William Hughes, tó ti ṣiṣẹ́ ní Congo, mú ọmọkùnrin méjì wá láti ibẹ̀ ní 1885, Kinkasa àti Nkanza. Lẹ́yìn náà ló dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Colwyn Bay fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà, kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé, kí wọ́n sì padà sílé. Mojola Agbebi tiwa, ti ìjọ Native Baptist l'Ékòó, wà lára àwọn tó bá a ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ náà tú ká nígbà tó di 1912. Àwọn tí òtútù àti àìsàn pa lára àwọn ọmọ yẹn, ibi ìsìnkú Old Colwyn ni wọ́n wà. Èmi àti ọmọ mi lọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì tuntun ní Manchester la sùn sí, mi ò rò pé ẹsẹ̀ wa ì bá débẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ ohun tó wà lọ́kàn mi. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wa wà ní Iléṣà. Ó ní báńkóló, ó ní igi ọnà lára ilẹ̀kùn, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ẹnì kankan ò sùn níbẹ̀ láti ìgbà tí màmá ti kú. Àwa mẹ́fà la ni ín, kò sí ẹyọ kan nínú wa tó ń gbé Iléṣà. Wọ́n ti mú oníbàárà wá tó fẹ́ wó o kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní ìjọba ló yẹ kó máa tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà rí Ilojo Bar ní Tinubu Square l'Ékòó, ilé àwọn Àgùdà, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Láti 1956 ni ìjọba ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Wọ́n wó o nínú oṣù kẹsàn-án 2016. Ìwé ìjọba kò fún un lówó oúnjẹ, ilé náà kò sì rí ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀ tó ń sanwó òrùlé.

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò mi ni pé ká tún yàrá mẹ́rin ṣe, kì í ṣe gbogbo ilé. Iléṣà kì í ṣaláìní òkú àgbà àti ìgbéyàwó, àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn sì ń wá ibi tó mọ́ tí wọ́n á sùn. Kí a gba ìyàwó ilé kan tó gbẹ́kẹ̀ lé nítòsí láti máa tọ́jú rẹ̀. Kí owó tó bá wọlé má ṣe jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wa, ti òrùlé ni. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú lọ́yà, kí gbogbo wa fọwọ́ sí i, kí ọmọ ẹnì kan má baà dìde lọ́la kó ní òun fẹ́ ta ìpín bàbá òun. Ẹ rí i pé Broyd kò kàn tún ilé ṣe, ó tún fi síbi tí ọwọ́ àjogún kò ti lè tètè bà á. Bí National Trust bá ti kéde pé ilẹ̀ kan kò ṣeé tà, àfi bí Ilé Aṣòfin bá gbà kí wọ́n tó lè tà á.

Àwọn mẹ́ta ti ní àwọn gbà. Ọ̀kan ò tíì fèsì. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Warri ní òun ò fọwọ́ sí nǹkan kan, pé owó tòun lòun ń fẹ́, ọmọ ń lọ sí yunifásítì. Mi ò lè bínú sí i, òótọ́ ni ọmọ ń lọ. Ọjọ́ kejì Kérésì la máa pàdé nínú ilé náà gan-an. Mo ti ní kí káfíńtà wá wo òrùlé ṣáájú, kí n lè mọ iye tí màá sọ fún wọn.

Àlejò ń kan ilẹ̀kùn, omi yàrá keje ò sá. Ẹ kú alẹ́ o.